Ìwé Tí A Fi Gba Òkú Àlíù Dáhùnsí

Aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ lù ni tirélà kan tẹ Àlíù Dáhùnsí pa nídìí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ní Málù Róòdù, lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù kẹwàá ọdún 2012. Kí wọ́n tó kírun ìrọ̀lẹ́ lọ́jọ́ náà, a ti sin ín. Kí a tó sin ín, a ti fọwọ́ ara wa kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò ṣẹ̀ wá.

Èmi ni mo kọ ọ́. Mo tètè ń sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ẹ̀bi àwọn ẹlòmíràn nìkan ni mo wá kà.

Ó ti pé ọdún kan báyìí. Kò sí ẹjọ́ kankan ní kóòtù kankan tí orúkọ Àlíù Dáhùnsí wà nínú rẹ̀. Tí ẹ bá wá a nínú ìwé ìjọba, ẹ ò ní rí ọkùnrin tí wọ́n pa. Ẹ̀yin á kàn rí ọkùnrin kan tó kú.

Àwọn awakọ̀ tirélà ń pè é ní Bàbá Tápólì. Nílé, ní Àmùkókò, Bàbá Sàfíátù ni. Tápólì ni aṣọ rọ́bà ńlá tí wọ́n fi ń bo ẹrù tó ń ti wọ́ọ̀fù Àpápá jáde kí òjò má baà pa á. Tó bá ti fàya, Àlíù ni wọ́n ń wá láti rán an. Ọmọ Ìṣẹ́yìn ni, ìdí òfì ni wọ́n bí i sí. Nígbà tí òfì kò gbọ́ bùkátà mọ́ ló kó wá sí Èkó, tó pààrọ̀ òfì sí abẹ́rẹ́ tó gùn ju ìka àárín mi lọ. Ó máa ń sọ pé aṣọ náà ni aṣọ ń jẹ́, ó kàn jẹ́ pé eléyìí kì í lọ sóde ìyàwó ni.

Kò ní ṣọ́ọ̀bù. Kẹ̀kẹ́ ológeere dúdú kan ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Orí rẹ̀ ló máa ń di tápólì sí, láti Àmùkókò dé Málù Róòdù, láti Málù Róòdù dé Olódì, níbikíbi tí tirélà bá tò sí. Ó rán ọ̀já pupa tó ń tàn yanran, irú èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ìdí tirélà, sí ẹ̀yìn ẹrù rẹ̀ kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè rí i. Ó kun irin ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ náà ní ọ̀dà funfun. Tó bá dé ibi tí ọ̀nà ti há, á sọ̀ kalẹ̀, á máa tì í lọ. Mo ń sọ gbogbo èyí nítorí àwọn tó bi wá lẹ́yìn ikú rẹ̀ pé ṣé ó ń ṣọ́ra.

Àwọn awakọ̀ máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kan tí ọ̀kan nínú wọn nawọ́ sí kẹ̀kẹ́ náà:

"Bàbá Tápólì, ẹ̀yin àti ẹṣin irin yín! Ìgbà wo lẹ máa ra mọ́tò?"

"Ẹṣin tèmi kì í mu epo dísù," ló fi dá a lóhùn, kò tilẹ̀ gbójú sókè níbi tó ti ń ránṣọ. "Ọ̀gá mi kì í sì í ki ọ̀pá bọ inú táǹkì ẹ̀ láràárọ̀ kó wò ó bóyá mo ti jí nínú ẹ̀."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ náà yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Nígbà tí mo wọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní Olódì, òun tó jẹ́ aládùúgbò wa ló fi àjákù tápólì rán báàgì fún mi. Ọdún mẹ́fà gbáko ni mo fi lò ó, òjò Èkó kò rí ìwé mi mú. Mo lọ bá a lẹ́ẹ̀kan pé ojú ń tì mí, pé àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ti ń pè mí ní Tirélà. Ó wò mí títí, ó ní, "Inúmidùn, ìwé ni kò gbọdọ̀ mu omi. Orí ẹ lè mu díẹ̀."

Irú ẹni tí wọ́n pa nìyẹn.

Obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Monica. Abẹ́ agboòrùn ló ti ń ta káàdì fóònù lẹ́bàá Málù Róòdù, ó sì ṣojú rẹ̀. Ohun tó rí ló sọ fún mi, mo ní kó tún un sọ, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó ní awakọ̀ náà na ọwọ́ jáde láti ojú fèrèsé ọkọ̀, ó ra káàdì lọ́wọ́ òun. Ọ̀nà sì ṣẹ̀ṣẹ̀ là díẹ̀ níwájú, kò dúró họ káàdì náà.

"Ó ń lọ, ó ń họ ọ́ lórí sítíárìn. Mo rí i. Ó tẹrí ba báyìí, ó ń wo nọ́ńbà, ó ń tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bàbá yẹn wà níwájú ẹ̀, ó ti sọ̀ kalẹ̀ kódà, ó ń ti báísíkù ẹ̀ lọ létí gọ́tà. Mo pariwo, 'Oga driver, person dey your front o!' Kò gbọ́. Ó ti gbé fóònù sétí."

Taya iwájú ló kọ́kọ́ gbá ẹrù náà. Èyí tó tẹ̀lé e, n ò ní kọ ọ́ síbí, nítorí Sàfíátù ọmọ rẹ̀ mọ̀wé kà.

Monica ní nígbà tí ọkọ̀ náà dúró, tí awakọ̀ náà sọ̀ kalẹ̀ tó sì rí ohun tó wà lábẹ́ ọkọ̀ rẹ̀, fóònù ṣì wà létí rẹ̀. Ó ní ohun tó kọ́kọ́ sọ kì í ṣe "Yéè." Ó ní ohun tó kọ́kọ́ sọ, inú fóònù ló sọ ọ́ sí: "Màá pè ẹ́ padà."

Ọládòṣù ni awakọ̀ náà ń jẹ́. Mo kọ orúkọ rẹ̀ síbí nítorí kò sí i nínú ìwé tí mo kọ lọ́jọ́ náà. "Awakọ̀" lásán ni wọ́n ní kí n pè é.

Ẹ wá gbọ́ bí ìwé náà ṣe di kíkọ. Ọlọ́pàá gbé òkú náà sẹ́yìn ọkọ̀ wọn lọ sí tésàn kan ní àdúgbò wa. Inú tápólì tí Àlíù fẹ́ gbé lọ fún oníbàárà ni wọ́n ká a sí. Ẹ̀gbọ́n Àlíù, Bàbá Fàtáì, dé pẹ̀lú Moríyọ̀, ìyàwó olóògbé. Sájẹ́ńtì tó wà lórí kántà kò pariwo mọ́ wọn. Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi bá wọn sọ̀rọ̀, bí ẹni tó fẹ́ ràn wọ́n lọ́wọ́.

"Bàbá, ẹ fara balẹ̀, ẹ rò ó dáadáa. Tẹ́ ẹ bá ní ẹjọ́ lẹ fẹ́, òkú á lọ sí mọ́ṣúárì. Dókítà á là á, á wo ohun tó pa á. Ó lè di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Tẹ́ ẹ bá ní ẹ ò fẹ́ ẹjọ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kẹ́ ẹ máa gbé e lọ nísinsìnyí."

"Kí wọ́n la àbúrò mi?" ni Bàbá Fàtáì wí. "Kí wọ́n là á bí ẹran?"

"Èmi kọ́ ni mo ṣòfin, Bàbá."

"Òkú Mùsùlùmí kì í pẹ́ nílẹ̀, ọ̀gá. Ẹ̀yin náà mọ̀. Òní náà ló gbọ́dọ̀ wọlẹ̀."

"Ẹ kọ ọ́ nìyẹn."

Moríyọ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sọ gbólóhùn kan náà lásọtúnsọ: "Ẹ jẹ́ kí n gbé ọkọ mi lọ. Ẹ jẹ́ kí n gbé ọkọ mi lọ." Nínú àwọn méjèèjì, kò sí ẹni tó mọ̀wé kọ. Òdìkejì tésàn náà gan-an ni ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń bá èèyàn ṣe fótókópì, ni wọ́n bá ní kí wọ́n lọ pe Inúmidùn wá, pé ọmọ yẹn lọ́wọ́ ìwé.

Mo lọ́wọ́ ìwé lóòótọ́. Gbogbo ènìyàn ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Sájẹ́ńtì fún mi ní pépà àti bírò, ó ń pè é, mo ń kọ ọ́ ní gẹ̀ẹ́sì. Kọ ọ́ pé àwa ẹbí olóògbé gbà pé àmúwá Ọlọ́run ni. Mo kọ ọ́. Kọ ọ́ pé a kò ní ẹ̀sùn kankan sí awakọ̀. Mo kọ ọ́. Kọ ọ́ pé olóògbé ló já lu ọkọ̀ lójijì.

Ọwọ́ mi dúró. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ó ń ti kẹ̀kẹ́ ẹ̀ lọ ni."

"Ṣé o wà níbẹ̀?"

"Rárá sà."

"Ṣé o fẹ́ kí òkú yìí wà níta nínú oòrùn títí?"

Mo wo Bàbá Fàtáì. Aago ara ògiri ló ń wò. Aago kan ti kọjá. "Inúmidùn, ọmọ mi," ló wí, "kọ ọ́. Jẹ́ ká lọ wẹ̀ ẹ́."

Mo kọ ọ́. Ẹ̀kọ́ tí ọkùnrin yẹn kò jẹ́ kí òjò bà jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́, òun ni mo fi kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọkùnrin náà ló pa ara rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, òfin wo nìyẹn? Ta ló jókòó tó fi ìsìnkú dí ẹnu alààyè? Bí wọ́n bá jí adìyẹ gbé, ṣé wọ́n máa ń ní kí aládìyẹ kọ́kọ́ kọ̀wé pé adìyẹ náà ló sá wọ inú àpò olè? Wọ́n máa ń wí pé ẹni tí ọwọ́ òfin bá tẹ̀ ní láti wá onídùúró. Ọládòṣù kò wá onídùúró kankan lọ́jọ́ náà. Òkú Àlíù ló dúró fún un. Wọ́n gbé òkú náà sílẹ̀ bí ohun ìdógò, nígbà tí a sì fẹ́ gbà á, awakọ̀ la fi sílẹ̀ kó máa lọ.

Àwa náà sì jẹ̀bi tiwa. N ò ní fi bò. A gbà pé ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni kí òkú dúró di ọjọ́ kejì, pé kí dókítà fọwọ́ kàn án jẹ́ àbùkù tí ìran ò lè wẹ̀ nù. Kò sí ẹni tó rántí bi Lèmọ́mù. Ọjọ́ kẹjọ, nígbà sàráà, la tó sọ fún un. Bàbá arúgbó náà gbé Àlùkùránì rẹ̀ kalẹ̀. "Tó bá jẹ́ torí àtimọ òtítọ́ ni, torí kí wọ́n má baà tún pa ẹlòmíràn, ẹ lè dúró," ló wí. "Ta ló sọ fún yín pé ẹ ò lè dúró?" Ẹnikẹ́ni kò sọ fún wa. Sájẹ́ńtì kan ló mọ ohun tí a gbà gbọ́ ju bí a ṣe mọ̀ ọ́n lọ, ó sì mọ iye wákàtí tó kù kí oòrùn wọ̀.

Ọjọ́ sàráà yẹn náà ni àwọn àgbà láti ìdí ọkọ̀ wá bẹ̀ wá. Wọ́n gbé búrẹ́dì àti ṣúgà dání. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Bàbá Fàtáì, wọ́n ní iṣẹ́ èṣù ni, wọ́n ní kádàrá ni, wọ́n ní ọmọ wa ni Ọládòṣù, pé ìyá rẹ̀ gan-an, Òkèehò ló ti wá, kò jìnnà sí Ìṣẹ́yìn. Ẹni tí wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún, kí ló fẹ́ wí? Ó ní Ọlọ́run á forí jì í.

Èmi ò bá kádàrá jà. Ṣùgbọ́n n ò tíì rí kádàrá tó ń họ káàdì lórí sítíárìn.

Sàfíátù ló ń gbé omi fún àwọn àlejò náà. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni. Ó gbé àwo omi sílẹ̀ níwájú èyí tó dàgbà jù nínú wọn, ó sì kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà. Ta ni wọ́n ń pè?"

"Kí lo wí, ọmọ mi?"

"Dírẹ́bà yẹn, sà. Ta ni wọ́n ń pè lórí fóònù?"

Ọkùnrin náà wo ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wo búrẹ́dì. Ẹnìkan nínú wọn wá rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní ọmọdé kì í dá sí ọ̀rọ̀ àgbà. Sàfíátù dìde. Láti ọjọ́ náà ló ti ń wá sí ṣọ́ọ̀bù mi tó bá ti kúrò níléèwé. Ohun kan ṣoṣo ló ń fẹ́: kí ẹni tó pa bàbá rẹ̀ dúró níwájú adájọ́, kó sọ ọ́ lẹ́nu ara rẹ̀ pé fóònù lòun ń wò. "Bó bá jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni," ló wí fún mi. "Kí n ṣáà gbọ́ ọ." Kò béèrè ohun mìíràn.

Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ tí Ọládòṣù fi padà sẹ́nu iṣẹ́. Tirélà kan náà ni, ọ̀nà kan náà. Láti ibi tí mo ti ń ṣe fótókópì, mo ti rí i kọjá nígbà mẹ́rin, mo sì kọ ọjọ́ àti wákàtí rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì nínú mẹ́rin náà, fóònù wà létí rẹ̀.

Nígbà tó di oṣù keje ọdún yìí, mo kọ ìwé mìíràn. Ọwọ́ kan náà ni mo fi kọ ọ́, kí wọ́n lè rí i pé èmi ni. Mo kọ ọ́ pé gbólóhùn kẹta inú ìwé àkọ́kọ́ kì í ṣe òtítọ́, pé wọ́n pè é fún mi ni, pé ẹnìkan wà tó rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Bàbá Fàtáì àti Moríyọ̀ tẹ̀ka sí i. Mo gbé e lọ sí tésàn. Sájẹ́ńtì kan náà ló wà níbẹ̀. Ó ṣí fáìlì, ó fa ìwé àkọ́kọ́ yọ.

"Ọwọ́ ta nìyí?"

"Ọwọ́ mi ni, sà."

"Ṣé mo na ìbọn sí ẹ kó o tó kọ ọ́?"

"Rárá, sà."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀." Ó pa fáìlì dé, ó dá ìwé tuntun náà padà fún mi. Lẹ́yìn náà ló wá rẹ ohùn sílẹ̀, mo sì gbà pé òótọ́ inú rẹ̀ ló sọ. "Àbúrò, gbọ́. Ká tiẹ̀ gbé e lọ sí kóòtù lónìí, fóònù ni wọ́n máa kà sí i lẹ́sẹ̀. Ìtanràn ni. Á san án, á gbọn aṣọ ẹ̀, á máa lọ. Torí ìyẹn lo ṣe fẹ́ yọ ara ẹ lẹ́nu?"

Bẹ́ẹ̀ ni, torí ìyẹn ni. Torí pé ọlọ́pàá kan lè sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ láìṣẹ́jú. Torí pé lójú tirẹ̀, ẹni tó gbé fóònù sétí níwájú ọlọ́pàá ní gẹ́ètì wọ́ọ̀fù àti ẹni tó gbé e sétí lórí òkú ẹlòmíràn, ẹ̀ṣẹ̀ kan náà ni wọ́n ṣẹ̀. Bó bá jẹ́ mọ́tò ọlọ́lá kan ni tirélà náà rún, ṣé wọn ì bá ti parí ẹ̀ sórí kántà? Wọ́n á wọn ọ̀nà, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á gba fóònù náà lọ́wọ́ awakọ̀ kó tó rí àyè pa nǹkan kan rẹ́ nínú rẹ̀. Ti Àlíù, kò sẹ́ni tó béèrè fóònù náà. Kò sẹ́ni tó béèrè Monica, tó jókòó sí ojú kan náà lọ́jọ́ náà àti lọ́jọ́ kejì, tó sì wà níbẹ̀ títí dòní. Mo bi í bóyá ó ṣì lè sọ ọ́ níwájú adájọ́. Ó fi agboòrùn rẹ̀ gún ilẹ̀. "Jẹ́ kí wọ́n pè mí. I no dey fear anybody. Èmi ni mo ta káàdì yẹn fún un."

Àwọn kan wà tí wọ́n ń bi wá pé kí ni oníkẹ̀kẹ́ ń wá lójú ọ̀nà tirélà. Ibi tí tirélà bá wà ni tápólì wà. Àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ ládùúgbò wa kì í ṣe eré ìdárayá ni wọ́n ń ṣe. Ẹ wá dúró sí Málù Róòdù ní aago méje àárọ̀, kẹ́ ẹ wo ọkùnrin tó to búrẹ́dì sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ ga ju orí ara rẹ̀ lọ. Ẹ wo Mọ́láàmù tó ń pọ́n ọ̀bẹ. Ẹ wo àwọn tó ń lọ ṣiṣẹ́ alágbàṣe ní wọ́ọ̀fù, tó jẹ́ pé tí wọ́n bá wọkọ̀ lọ tí wọ́n sì wọkọ̀ bọ̀, ohun tí wọ́n á jẹ ti lọ nìyẹn. Kò sí irin tó bo àyà wọn. Ojú ẹni tó wà lórí ìjókòó awakọ̀ nìkan ni ààbò tí wọ́n ní, ojú náà sì ti wà nínú fóònù.

Ẹ̀yin tí a dìbò fún pé kẹ́ ẹ lọ máa ṣòfin, n kì í ṣe lọ́yà, ìwé mẹ́wàá ni mo kà. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí mo fẹ́ kí òfin wí, mo sì fẹ́ kó wí i ní èdè tí sájẹ́ńtì kan kò ní lè yí lórí kántà. Ẹni tó bá ń lo fóònù tó sì fi ọkọ̀ pa oníkẹ̀kẹ́, kí wọ́n má ṣe kà á sí ẹ̀ṣẹ̀ fóònù mọ́. Kí wọ́n pè é ní ẹni tó pa ènìyàn, kó sì ṣẹ̀wọ̀n rẹ̀. Kí wọ́n gba ìwé ìwakọ̀ rẹ̀ kó tó kúrò níbi tó ti ṣẹlẹ̀. Ẹni tó ni ọkọ̀, tó mọ̀ pé bí awakọ̀ òun ṣe ń ṣe nìyí tó sì tún fún un ní kọ́kọ́rọ́, kí òun náà jẹ́jọ́. Kí ó sì di èèwọ̀ fún ọlọ́pàá kankan láti gba ìwé pé a ò ṣẹjọ́ lọ́wọ́ ẹni tó wá gba òkú èèyàn rẹ̀. Òkú kì í ṣe ọjà tí wọ́n ń ná. Kí wọ́n jẹ́ ká sin tiwa, kí ẹjọ́ sì máa lọ.

Ẹ̀yin ọ̀gá tésàn náà, ẹ mọ ara yín bí mi ò tilẹ̀ dárúkọ. Ìwé kejì tí mo kọ wà lọ́dọ̀ mi, ẹ̀dà rẹ̀ mẹ́fà wà nínú ṣọ́ọ̀bù mi, n kò sì ní dẹ́kun àtimáa gbé e wá. Ẹ ṣí fáìlì náà. Ẹ lọ bá Monica. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ fóònù pé ta ni nọ́ńbà yẹn pè ní aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ọjọ́ náà, ẹ sì wá sọ ọ́ fún Sàfíátù. Tó bá jẹ́ pé mo gbọ́dọ̀ jẹ́jọ́ nítorí gbólóhùn kẹta tí mo kọ, mo ti ṣe tán, ẹ pè mí pọ̀ mọ́ ọn.

Lọ́jọ́ náà, ní tésàn yẹn, mo kọ̀wé. Bàbá Fàtáì tẹ̀ka. Moríyọ̀ tẹ̀ka. Sájẹ́ńtì buwọ́ lù ú. Ọládòṣù jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn kántà, ó ń mu omi inú ọ̀rá. Kò sí ẹni tó ní kó kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nípa ohun tó ṣe.

Ẹ pè é wá. Ẹ fún un ní bírò.